Wọ́n ní kí n gbé Golf mi wá fún àtúnṣe èéfín: ṣé kí n gbà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Northampton ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mo ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá ni mo ra Volkswagen Golf 1.6 TDI ti ọdún 2012 lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó ti rin máìlì 112,000. Nígbà tí mo pe ilé iṣẹ́ tó ń ta Volkswagen ládùúgbò wa láti mọ iye tí wọ́n ń gbà fún sáfíìsì, wọ́n yẹ kọ̀ǹpútà wọn wò, wọ́n ní àtúnṣe èéfín kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe sí mọ́tò náà, àti pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní kí n má gbà á láéláé, pé àtúnṣe yẹn ló ba mọ́tò ọkọ òun jẹ́. Ẹlòmíràn ní bí n kò bá ṣe é, mọ́tò mi kò ní yege MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ń béèrè níbí. Mọ́tò yìí ni mo fi ń jẹun. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn àgbà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìdáhùn lé yín lọ́wọ́, kí àlàyé máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ gba àtúnṣe náà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbà á báyìí. Ẹ kọ́kọ́ wá mẹkáníìkì mìíràn tó mọ Volkswagen dunjú, kí ó yẹ fáàfù EGR mọ́tò náà wò, èyí tó ń dá èéfín padà sínú ẹ̀ńjìnnì, àti fílítà DPF, èyí tó ń gba ẹ̀gbin dúdú inú èéfín. Bí ara méjèèjì bá le, ẹ lọ ṣe é. Bí EGR bá ti ń kú lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé sọ́fítíwíà tuntun tó jẹ́ àtúnṣe náà lé e lórí. Ọ̀nà mìíràn ni ká gbà.

Ọ̀rọ̀ MOT tí wọ́n sọ fún yín kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Britain, ẹni tó ni mọ́tò ló ń pinnu bóyá òun á ṣe àtúnṣe yìí tàbí òun kò ní ṣe é. Àwọn tó ń ṣe MOT kì í béèrè rẹ̀. Jámánì ni ọ̀rọ̀ ti le: níbẹ̀, KBA, àjọ ìjọba tó ń fọwọ́ sí ọkọ̀ kí ó tó jáde, sọ àtúnṣe náà di dandan, mọ́tò tí ẹni tó ni ín bá kọ̀ jálẹ̀ sì lè pàdánù ìwé àṣẹ tó fi ń rìn lójú títì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìròyìn ti Jámánì ni ẹni náà gbọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù MOT lé yín lọ síbẹ̀.

Ẹni tó ra mọ́tò lọ́wọ́ ẹlòmíràn lè má mọ ìtàn tó wà nídìí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Ẹ̀ńjìnnì Golf yín wà lára èyí tí wọ́n ń pè ní EA189. Àwọn olùwádìí Yunifásítì West Virginia ní Amẹ́ríkà so ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín mọ́ ìdí Volkswagen méjì, wọ́n wà wọ́n lójú títì gidi, wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde ní ọdún 2014: ohun tó ń jáde lójú títì kò jọ ohun tí wọ́n wọ̀n nínú yàrá ìdánwò rárá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, fi ẹ̀sùn kan Volkswagen ní gbangba pé gáàsì olóró NOx tó ń jáde lára àwọn mọ́tò náà lójú títì lè tó ìlọ́po 40 iye tí òfin gbà láàyè. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Martin Winterkorn tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà ti fi ipò sílẹ̀. Mọ́tò tí ọ̀rọ̀ kàn kárí ayé tó mílíọ̀nù 11, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.2 nínú wọn sì wà ní Britain. Audi, Škoda àti SEAT tó ń lo ẹ̀ńjìnnì kan náà wà nínú rẹ̀.

Màgòmágó náà kò ṣòro láti lóye. Kọ̀ǹpútà ẹ̀ńjìnnì ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń yí sìtíárìn, bí eré ṣe ń lọ sókè sódò, àti bí ẹ̀ńjìnnì ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. Bí táyà bá ń yí ṣùgbọ́n tí sìtíárìn dúró gbári, ó mọ̀ pé orí ẹ̀rọ ìdánwò ni òun wà. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò ṣe bí ọmọ iléèwé tí ó jókòó jẹ́ẹ́ nítorí pé ínísípẹ́kítọ̀ wọlé. Bó bá ti padà sójú títì, ìwà àtijọ́ bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò kàn fi í sílẹ̀ sínú ìwà rere yẹn nígbà gbogbo? Ẹ fara balẹ̀ bá mi ka ibí yìí, nítorí orí rẹ̀ ni ìpinnu yín dúró lé. Iná inú ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì gbóná púpọ̀, afẹ́fẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ooru yẹn ló ń mú kí náítírójìn àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ so pọ̀ di NOx. Láti dín in kù, fáàfù EGR máa ń dá apá kan nínú èéfín padà sínú ẹ̀ńjìnnì. Ọ́síjìn inú èéfín ti lò tán púpọ̀, nítorí náà iná á rọlẹ̀ díẹ̀, NOx á sì dín kù. Ṣùgbọ́n iná tó rọlẹ̀ kì í jó epo tán dáadáa. Ẹ̀gbin dúdú ló ń kù sílẹ̀: apá kan á lẹ̀ mọ́ inú EGR fúnra rẹ̀ àti ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ìyókù á lọ há sínú DPF. Bí NOx bá dín, ẹ̀gbin dúdú á pọ̀; bí ẹ̀gbin dúdú bá dín, NOx á pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ńjìnnì tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń lo AdBlue, omi tí wọ́n ń fọ́n sínú èéfín láti pa NOx lẹ́yìn tí iná ti jó tán, kí EGR lè sinmi díẹ̀. Golf yín kò ní AdBlue. EGR ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Sọ́fítíwíà àtijọ́ ń jẹ́ kí EGR sinmi lójú títì. Àtúnṣe tí wọ́n ń pè yín fún mú ìsinmi yẹn kúrò. Kọ̀ǹpútà kò ní ìwà méjì mọ́, EGR á máa ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí wọ́n ṣe ń fọ́n epo sínú ẹ̀ńjìnnì náà á sì yí padà. Fún ẹ̀ńjìnnì 2.0, sọ́fítíwíà nìkan ni, nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí. Fún 1.6 bíi tiyín, wọ́n á tún fi ike kan tó ní àwọ̀n nínú sí ọ̀nà afẹ́fẹ́, ní iwájú sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí afẹ́fẹ́ máa ṣàn geere, kí kọ̀ǹpútà lè mọ iye rẹ̀ gan-an. Gbogbo rẹ̀ kì í gbà tó wákàtí kan. Ike yẹn kì í fa wàhálà. Iṣẹ́ tuntun tí EGR máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ni kí ẹ fiyè sí.

Volkswagen sọ pé àtúnṣe náà kò dín agbára mọ́tò kù, kò mú kí ó máa jẹ epo sí i, kò sì gé ẹ̀mí ẹ̀ńjìnnì kúrú. KBA fọwọ́ sí i. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ onímọ́tò ní Britain ló ráhùn lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é: mọ́tò tó pàdánù agbára lójijì lójú ọ̀nà márosẹ̀, iná pupa rẹ́súrẹ́sú tó dà bí wáyà tó lọ́ po tó ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, DPF tó ń jó ara rẹ̀ mọ́ lemọ́lemọ́, EGR tó kú pátápátá. Ọkọ ọ̀rẹ́ yín kò parọ́. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mi.

Ohun tí mo rí nínú àwọn EGR tí mo tú ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ̀gbin inú wọn ti gan, ó ti le koko, ó sì hàn gbangba pé ó ti ń kóra jọ láti ọdún pípẹ́ ṣáájú àtúnṣe. Fáàfù tó ti ń lẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí sọ́fítíwíà àtijọ́ kì í rán níṣẹ́ púpọ̀, ni sọ́fítíwíà tuntun wá ń ṣí tó ń pa láìsinmi. Kò lè gbé e. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò méjì tó jọra, tí wọ́n gba àtúnṣe kan náà, fi lè ya ara wọn: ọ̀kan á máa lọ láìsí wàhálà, èkejì á dákú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ipò tí EGR wà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi sọ́fítíwíà náà sí i ló ń sọ èyí tí yóò jẹ́ tiyín. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé àtúnṣe náà dára tàbí pé ó burú láì tíì wo mọ́tò yín, kò tíì dáhùn ìbéèrè yín.

Ẹ kò sọ bí ẹ ṣe ń rìn lóòjọ́, ṣùgbọ́n mo mọ irú iṣẹ́ yín: láti ilé àgbà kan sí òmíràn, ìṣẹ́jú díẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ẹ pa iná mọ́tò, kí ẹ tún tan án, láti ìdájí títí di alẹ́. Kò sí ìrìn tó burú fún dísẹ́ẹ̀lì tó èyí. DPF ń kó ẹ̀gbin dúdú jọ. Bí ó bá ti kún dé ìwọ̀n kan, kọ̀ǹpútà á fọ́n epo kún epo kí ooru inú rẹ̀ lè gòkè sí nǹkan bí 600°C, kí ẹ̀gbin náà lè jó dànù. Ìyẹn ń gba bí ìṣẹ́jú 10 sí 20 tí mọ́tò ń sáré láìdúró. Bí ẹ bá pa iná kí ó tó parí, ẹ̀gbin náà ṣì wà níbẹ̀, epo tí kò rí iná jó á sì máa jò lọ bá ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì. Àwọn àmì kan wà tí ẹ lè fojú ara yín rí. Bí ẹ bá páàkì síwájú ilé ẹni tí ẹ ń tọ́jú, tí fáànù ṣì ń hó lẹ́yìn tí ẹ ti pa mọ́tò, tí òórùn ohun tó ń jó sì ń jáde, DPF wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ fi dá a dúró. Bí ẹ bá yọ ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, tí ọ́ìlì sì ti ga kọjá àmì òkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu kún un, dísẹ́ẹ̀lì ti wọ inú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn kíákíá, kí ẹ tó ronú kan àtúnṣe kankan, nítorí ọ́ìlì tó ti ṣàn bí omi kò lè dáàbò bo tọ́ọ̀bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀ńjìnnì.

Ẹ lè wá bi mí pé, bí ewu bá wà, kí ló dé tí mo fi ní kí ẹ gbà á? Nítorí àwọn tó ń mí èéfín náà sínú ni. Ọmọbìnrin kan wà ní Lewisham ní London, Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ilé wọn wà nítòsí ojú ọ̀nà South Circular tí mọ́tò kì í dá lórí rẹ̀. Ásímà pa á ní oṣù Kejì ọdún 2013. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Philip Barlow, òṣìṣẹ́ òfin tó wádìí ikú rẹ̀, kéde pé afẹ́fẹ́ olóró wà lára ohun tó fa ikú ọmọ náà, àti pé èéfín ọkọ̀ ni orísun rẹ̀ tó pọ̀ jù. Ella ni ẹni àkọ́kọ́ ní Britain tí wọ́n kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ikú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ohun olóró tí Barlow dárúkọ, nitrogen dioxide, wà lára NOx tí à ń sọ yìí. Ẹ̀yin ń wọlé tọ àwọn àgbà tí mímí ti ń nira fún. Ẹnu ọ̀nà wọn, lábẹ́ fèrèsé wọn, ni ẹ ń tan iná mọ́tò sí láàárọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ ibi fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ṣe màgòmágó náà. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá lè dín kù láì ba oúnjẹ wa jẹ́, ó yẹ ká dín in kù.

N kò wá ní sọ fún yín pé àtúnṣe náà sọ Golf di mímọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, ìjọba Britain gbé àbájáde ìdánwò mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì láti onírúurú ilé iṣẹ́ jáde. Òfin èéfín Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Euro 5, tó de mọ́tò yín (bí nọ́ńbà Euro bá ṣe ga sí i ni òfin ṣe ń le sí i), ní NOx kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 180 lọ lórí kìlómítà kan. Lójú títì, ìpíndọ́gba àwọn Euro 5 tí wọ́n dánwò lé ní 1,100. Gbogbo ìran mọ́tò yẹn ló ń rú èéfín ju bí ìwé wọn ṣe sọ lọ.

Ilé-ẹjọ́ tún wá yẹ àtúnṣe náà fúnra rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2022, Ilé-ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní Luxembourg dá àwọn ẹjọ́ kan tó wá láti Austria. Nínú mọ́tò tí ọ̀rọ̀ kàn níbẹ̀, EGR ń ṣiṣẹ́ ní kíkún kìkì nígbà tí ooru ìta bá wà láàárín 15°C sí 33°C, níbi tí ilẹ̀ kò bá sì ga ju mítà 1,000 lọ. Ilé-ẹjọ́ ní ètò yẹn tó ń dín iṣẹ́ EGR kù náà jẹ́ màgòmágó lábẹ́ òfin, àti pé kí ilé iṣẹ́ kàn sọ pé òun kò fẹ́ kí EGR dí tàbí kó gbó kò tó àwíjàre. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ kan ní Schleswig, Jámánì, sọ pé àṣẹ tí KBA fi gba irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ wọlé fún Golf kan tó ní ẹ̀ńjìnnì 2.0 kò bófin mu. Ẹ wá fi èyí wé Northampton. Oṣù mélòó nínú ọdún ni ìta máa ń kọjá 15°C ní ìdájí tí ẹ ń jáde lọ síbi iṣẹ́? Bí ti mọ́tò yín bá rí bí ti àwọn yẹn, ní ìgbà òtútù, èrè tí àtúnṣe náà máa ṣe fún àwọn aládùúgbò á dín kù. Ó ṣì sàn ju kí EGR máa sùn tọ̀sán-tòru lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbà á bí ara mọ́tò bá gbà á. Ṣùgbọ́n èrè náà kò tó ohun tí ẹ máa torí ẹ̀ pa mọ́tò tí ẹ fi ń jẹun, bí EGR rẹ̀ bá ti ń kú tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ àyẹ̀wò. Kí mẹkáníìkì so kọ̀ǹpútà mọ́ mọ́tò, kí ó ka àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀, àti èyí tó ti wá tó sì ti lọ. Kí ó pàṣẹ fún EGR láti ṣí àti láti pa, kó máa wo bóyá ibi tí fáàfù dé bá ibi tí wọ́n rán an mu. Fáàfù tó ń lẹ̀ á máa pẹ́ lẹ́yìn tàbí kó má dé ibẹ̀ rárá. Kí ó ka iye gíráàmù ẹ̀gbin dúdú tó wà nínú DPF àti bí máìlì ṣe pọ̀ tó láàárín ìgbà kan tó jó ara rẹ̀ mọ́ sí òmíràn. Kí ó tún wo iye eérú. Ẹ̀gbin dúdú ń jó dànù, ṣùgbọ́n eérú tó wá láti inú ọ́ìlì kì í jó, ó kàn ń kóra jọ ni. Lẹ́yìn máìlì 112,000, eérú yìí lè ti gba ibi tó pọ̀ nínú DPF. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí ọjọ́ àti iye máìlì wà lórí rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe, ìwé yẹn ló máa fi hàn pé mọ́tò yín ń lọ dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ráhùn ni kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń gbọ́ ni pé mọ́tò wọn ti gbó.

Bí àbájáde bá dára, ẹ gbé mọ́tò náà lọ sójú ọ̀nà márosẹ̀ M1 ní ọjọ́ tí ẹ bá sinmi, kí ẹ wà á ní eré kan náà fún ìdajì wákàtí, kí DPF lè jó tán. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ tó gbé e lọ fún àtúnṣe. Ẹ kọ lẹ́tà tàbí ímeèlì sí wọn ṣáájú, ẹ fi ìwé àyẹ̀wò sí i, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí iná bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù láàárín oṣù mélòó kan sílẹ̀ fún yín. Nígbà kan, Volkswagen ṣe ìlérí pé fún oṣù 24 lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ onímọ́tò lórí àwọn èròjà kan, EGR wà lára wọn, bí mọ́tò náà kò bá tíì rìn ju kìlómítà 250,000 lọ. Ọdún ti gorí ọdún láti ìgbà yẹn. Ẹ má fọkàn tẹ ìlérí náà àfi bí ẹ bá rí i kà lórí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Kí ẹ sì rántí pé bí sọ́fítíwíà tuntun bá ti wọlé, wọn kì í dá ti àtijọ́ padà.

Bí ó bá sì jẹ́ sáfíìsì lásán ni ẹ gbé mọ́tò lọ ṣe lọ́dọ̀ wọn kí ẹ tó pinnu, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé iṣẹ́ gan-an pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi sọ́fítíwíà kankan sí i láìgba àṣẹ lẹ́nu yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó: ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín kọ́ ló máa fọwọ́ kan mọ́tò náà.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé EGR ti ń lẹ̀ ńkọ́? Nígbà míì, a lè tú u fọ̀. Bí ó bá gba pé ká pààrọ̀ rẹ̀, ẹ múra sílẹ̀, nítorí lára 1.6 yìí, ẹ̀yìn ẹ̀ńjìnnì ló wà, òun àti ohun tó ń tu èéfín lára so pọ̀, ọwọ́ kì í sì í tètè dé ibẹ̀. Owó rẹ̀ pẹ̀lú owó iṣẹ́ lè sún mọ́ £1,000. Bí ẹ bá rí i pé mọ́tò náà yẹ fún irú owó bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì fi EGR tuntun sí i, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ ṣe àtúnṣe sọ́fítíwíà, nítorí fáàfù tuntun lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n máa rán an. Bí kò bá yẹ bẹ́ẹ̀, ẹ fi sọ́fítíwíà rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ máa wá bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ mọ́tò.

Àwọn kan máa gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n dí EGR pa tàbí kí wọ́n gbẹ́ inú DPF dànù, pé wàhálà á tán. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà. Láti oṣù Kejì ọdún 2014 ni mọ́tò tí wọ́n ti yọ DPF rẹ̀ kì í yege MOT mọ́, wíwà á lójú títì sì lè fa owó ìtanràn tó tó £1,000. Kò tún bójú mu kí ẹni tó ń tọ́jú aláìlera máa fi irú èéfín bẹ́ẹ̀ kí wọn láàárọ̀.

Ní ti owó gbà-má-bínú tí ẹ lè ti gbọ́ pé àwọn èèyàn gbà: ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Volkswagen gbà láti san £193 mílíọ̀nù fún nǹkan bí 91,000 onímọ́tò tó pẹjọ́ pọ̀ ní England àti Wales, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ nínú ẹjọ́ yẹn ló wà fún. Kò sí owó kankan tó ń dúró de ẹni tó bá ṣe àtúnṣe, kò sì sí èyí tó máa bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ̀ ọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò yín.

Èyí tó yẹ kó wà nínú ìṣirò ni pé àtúnṣe náà kò yí ipò mọ́tò yín padà lójú àwọn ìlú tó ń gba owó èéfín. Euro 5 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, Euro 5 náà ló máa jẹ́. Euro 6 ni London ń béèrè lọ́wọ́ dísẹ́ẹ̀lì, gbogbo àdúgbò London ló sì ti wọ inú ètò owó náà láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023: £12.50 lójúmọ́. Ọ̀gànjọ́ òru ni ọjọ́ wọn ń yí, nítorí náà ẹni tó bá wa mọ́tò wọ London fún ìṣọ́ òru, tó sì wà á jáde ní ìdájí, ti jẹ owó ọjọ́ méjì. Àárín ìlú Birmingham, tí kò jìnnà sí yín, ń gba £8.

Ohun tó wá wà lọ́kàn mi jù ni pé dísẹ́ẹ̀lì kọ́ ló yẹ iṣẹ́ yín, bóyá ẹ ṣe àtúnṣe tàbí ẹ kò ṣe é. Mọ́tò kékeré tó ń lo pẹtiróòlù kò ní irú DPF tó gbọ́dọ̀ sáré kó tó mọ́, pẹtiróòlù tó bá sì jẹ́ Euro 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í san owó yẹn ní London tàbí Birmingham. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 2006 ló wà nínú ẹ̀ka yẹn. Bí owó yín bá gbé ti haíbíríìdì, tó ń lo pẹtiróòlù àti iná mànàmáná pọ̀, bíi Toyota Yaris, ó dára jù fún ìrìn ká-dúró-ká-lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ta Golf náà, ẹ sọ òótọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á, kí ẹ sì fún un ní ìwé àyẹ̀wò. Bí ẹ bá ń rò ó láti fi ránṣẹ́ sílé, ẹ rò ó dáadáa: dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà ní imí-ọjọ́ ju ti ibí lọ, DPF kì í sì í bá imí-ọjọ́ púpọ̀ ṣọ̀rẹ́.

Kí ẹ tó rí mọ́tò mìíràn, ẹ máa fún Golf ní ìrìn gígùn kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò. Ẹ ṣe àyẹ̀wò náà kí ẹ tó dá ilé iṣẹ́ Volkswagen lóhùn. Bí ẹ bá ti gba ìwé rẹ̀, ẹ kọ àwọn àṣìṣe tó jáde, iye gíráàmù inú DPF àti iye eérú ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín kà á.